Bí A Ṣe Kọ́ Àwọn Ìnàkí Láti Má Sá Mọ́

Ọjọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ náà, ìjókòó ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Èmi tí mo ti gbé àwo oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá ìjọba ní ilé ìgbàlejò Ìsẹ́yìn, mo rò pé mo mọ ìjókòó, mo mọ ìdìde. Ṣùgbọ́n Bàbá Sẹ̀líà, ọdẹ tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú mi, mú mi lọ sí ẹsẹ̀ Òkè Agbọ́n láàárọ̀, ó fi àpáta pẹrẹsẹ kan hàn mí, ó ní kí n fìdí lélẹ̀ níbẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ wo òkè, mi ò gbọdọ̀ nawọ́ sí nǹkan kan, mi ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kí eyín mi má baà hàn.

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí wọn yóò fi gbàgbé pé ènìyàn ni ọ́."

Àwọn tó ń wí ni àwọn ìnàkí orí òkè náà. Ẹni tó bá jẹ́ ará ìlú ńlá lè má tíì rí wọn rí. Lọ́dọ̀ wa ní agbègbè Ṣakí, ẹranko tí à ń pè ní ìnàkí ga tó ajá ńlá, ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn, orí àpáta ló sì ń sùn. Agbo ni wọ́n máa ń rìn, takọtabo, tọmọtọmọ. Bí àgbàdo bá ti gbó, wọ́n á ya wọ oko. Bí wọ́n bá sì ti rí ènìyàn lókèèrè, àgbà inú wọn á gbó, ẹ ò tún ní rí ìrù ọ̀kan níbẹ̀ mọ́. Sísá yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ tó gbà wá fẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ ni. Èkó ni ọ́fíìsì wọn wà, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn olówó rẹ̀ ń gbé. Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni, tí gbogbo ayé ń wá bá wa ṣòwò. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yìí gbọ́ pé àwọn òyìnbó olówó ń náwó gọbọi láti lọ wo gòrílà nínú igbó ní ìlà oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ní kí òyìnbó tó wà ní Èkó fún wọn, Ọ̀gá Pítà, wá gòrílà rí ní Nàìjíríà. Ọ̀gá Pítà wá sí Ṣakí. Ó bi tíṣà kan pé kí ni Yorùbá ń pe gòrílà. Tíṣà yẹn ṣí ìwé atúmọ̀ rẹ̀, ó ní ìnàkí. Wọ́n bi àwọn ọdẹ bóyá ìnàkí wà. Àwọn ọdẹ fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ìnàkí náà ni wọ́n ń béèrè, ìnàkí tó ń jẹ wọ́n lágbàdo run?

Inú ọ̀gá dùn, ó padà sí Èkó. Lọ́rì ti gbé àgọ́, bẹ́ẹ̀dì, ọpọ́n ìwẹ̀ onídẹ àti fíríìjì tó ń lo kẹrosíìnì dé Abà Olúgbàdà lẹ́sẹ̀ òkè náà kí òun fúnra rẹ̀ tó gun òkè lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò tíì dé ibẹ̀ nígbà náà. Bàbá Sẹ̀líà ló mú un gun òkè. Bàbá ní nígbà tí òun nawọ́ sí àwọn ìnàkí lórí àpáta, òyìnbó náà wò wọ́n, ó wo òun, ó tún wò wọ́n, ó wá jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun ò gbọ́ ṣùgbọ́n tó yé òun.

Owó ti wọlé, àgọ́ ti dúró. Wọ́n bá yí ìpolówó padà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní kì í ṣe gòrílà mọ́, ṣùgbọ́n àlejò yóò jókòó sáàárín ìnàkí nínú igbó tí ẹsẹ̀ òyìnbó kò tíì tẹ̀ rí, yóò sùn nínú àgọ́ tó dára ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, yóò sì rí àṣà àti ìṣe àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, àfi kí àwọn ìnàkí kọ́kọ́ gbà. Ohun tí wọ́n ṣe gba Bàbá Sẹ̀líà nìyẹn, tó jẹ́ ọdẹ tó mọ òkè náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n sì gba èmi Múfútàù, nítorí mo gbọ́ òyìnbó, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àlejò.

Lójoojúmọ́ la máa ń lọ láàárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Aṣọ kakí kan náà là ń wọ̀, fìlà kan náà, a kì í fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Bàbá Sẹ̀líà gbé ìbọn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní Ṣakí, kí òórùn ẹ̀tù má baà wà lára rẹ̀. Bí a bá dé ibi àpáta, a ó jókòó. A ó máa já koríko bíi pé a ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá wò wá, a ó wolẹ̀. Bí wọ́n bá lọ, a ó tẹ̀lé wọn díẹ̀díẹ̀, a ó tún jókòó. Iṣẹ́ náà nìyẹn látòkèdélẹ̀. Àwọn ará Abà Olúgbàdà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́, mo máa ń ní, "Mo ń jókòó ni."

Mo bi Bàbá Sẹ̀líà lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ọdẹ bíi tiẹ̀ fi gba irú iṣẹ́ yìí.

"Wọ́n ní àwọn yóò máa sanwó fún mi kí n má ṣe nǹkan kan," ó dá mi lóhùn. "Ta ni yóò kọ̀ ọ́?"

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí bó ṣe máa ń sáré jí.

Kí àwọn ìnàkí tó jẹ́ ká sún mọ́ wọn, ọyẹ́ ti fẹ́ kọjá, òjò ti rọ̀, ọyẹ́ mìíràn ti tún dé. Láàárín àkókò yẹn la fún wọn lórúkọ. Akọ ńlá tó ń darí agbo là ń pè ní Alága, nítorí bó bá ti jókòó, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ kó tó sọ tirẹ̀. Abo kan wà tí etí rẹ̀ kan ya, tó máa ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, Bàbá Sẹ̀líà ní Àbẹ̀kẹ́ lòun ó máa pè é.

Èmi ni mo bà á jẹ́ nígbà kan. A ti sún mọ́ wọn dé ibi tí a ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń họ ara. Ọmọ kékeré kan ń gbìyànjú láti gun ẹ̀yìn Alága, ó ń já bọ́, ó ń tún un gùn. Ẹ̀rín pa mí, mo bú sẹ́rìn-ín. Eyín mi ni Alága rí. Ó ta gìrì, ó fi ọwọ́ lu àpáta, ó ya ẹnu tó kún fún eyín tó gùn bí ìka mi, ó sì kọjú sí mi. Mo sá. Mi ò tún dúró títí mo fi dé abà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi ń jókòó sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí wọn ò jẹ́ ká sún mọ́ wọn.

Bàbá Sẹ̀líà kò bú mi. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "O ti sọ wá di ènìyàn padà."

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbà wá láyè, ojú mi ló ṣe. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Àbẹ̀kẹ́ dìde láàárín àwọn yòókù, ó ń bọ̀ bí ẹni tí kò bọ̀, ó ń ṣa nǹkan jẹ nílẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Bàbá. Ó fa okùn bàtà rẹ̀ wò. Ó gbé ọwọ́ lé apá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun apá rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń wo orí ọmọ. Bàbá Sẹ̀líà kò mira. A sọ̀ kalẹ̀ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí abà.

"Láti kékeré ni mo ti ń dọdẹ," ó ní. "Kò sí ẹran tó fọwọ́ kàn mí rí, àfi èyí tó ń kú lọ."

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo lè sọ pé ó bá wa yọ̀ lọ́jọ́ náà, Ìyá Mọ́nsúrá, opó kan ní Abà Olúgbàdà tó ń ṣe òrí. Ìyá yìí bu omi tútù fún wa, ó ní, "Ṣé ó fọwọ́ kàn yín lóòótọ́? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní sọ ara yín di ẹranko báyìí?" Ó sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọkọ̀ jíìpù ni wọ́n fi ń kó wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ yà ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n wo àwọn ahunṣọ lórí òfì, wọ́n á gun òkè Adó-Àwáyè lọ wo adágún omi tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á wá já sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú eruku pupa lójú àti nímú. A ti bu omi gbígbóná sínú ọpọ́n ìwẹ̀ dè wọ́n. Aṣọ funfun ló wà lórí tábìlì, ìgò wáìnì wà nínú fíríìjì, kápẹ́ẹ̀tì wà nínú àgọ́. Àwọn ará abà á dúró lókèèrè, wọ́n á máa wo bí àgbàlagbà ṣe ń jókòó sínú omi bí ọmọ tuntun.

Ìyá Mọ́nsúrá ni àṣà àti ìṣe tí wọ́n polówó. Wọ́n á jókòó yí i ká, á fọ́ èso emi, á yan án, á gún un, á pò ó títí òrí yóò fi léfòó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òrí ju ọjọ́ kan lọ, àwọn àlejò kì í sì í dúró pẹ́. Nítorí náà, ó máa ń fi ìwọ̀nba tó ti gún tẹ́lẹ̀ pamọ́, á gbé e jáde bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, kámẹ́rà á máa dún. Ó bi mí pé, "Múfú, ṣé àwọn ìyá tiwọn kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Ọkùnrin oníkùn kan wà nínú àwọn àlejò tó máa ń béèrè láàárọ̀ àti lálẹ́ pé gòrílà dà. Mo ní, "Sà, àwọn wọ̀nyí ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó sún mọ́ wa jù." Inú rẹ̀ kò dùn títí di ọjọ́ kejì, tí Alága fi wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ṣí fìlà lórí rẹ̀, tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú àti lóde, tó sì gbé e dé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò tún dárúkọ gòrílà mọ́ títí ó fi lọ. Ìyá àgbà òyìnbó kan sì wà tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó jókòó ti Àbẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Nígbà tí mo ràn án lọ́wọ́ láti dìde, ó ní kí n bá òun kí Bàbá Sẹ̀líà, pé òun ò mọ̀ pé ohun tí kò mọ̀ wá rí lè gbà wá gbọ́ tó báyìí. Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ilé-iṣẹ́ náà ti bá Baálẹ̀ Abà Olúgbàdà ṣe àdéhùn pé kí ọdẹ kankan má yìnbọn lórí Òkè Agbọ́n. Ní tiwọn, àwọn ló tún ọ̀nà ṣe, àwọn ló gbẹ́ kànga. Àdéhùn náà dúró. Ìwọ̀nba ọdún tí a fi ṣe é, mo máa ń rò pé a ti rí iṣẹ́ tí a ó ṣe títí a ó fi darúgbó.

Nígbà tó yá, owó epo já wálẹ̀. Ọjà ṣọ̀wọ́n, epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n, àwọn sójà tún gbàjọba, àwọn àlejò sì ń bẹ̀rù àtiwá. Lọ́jọ́ kan, lọ́rì dé, kò gbé àlejò wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká àgọ́. Wọ́n gbé ọpọ́n ìwẹ̀ onídẹ, wọ́n gbé fíríìjì. Ọ̀gá Pítà bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni.

Mo ní, "Sà, àwọn ìnàkí ńkọ́?"

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọn ò bẹ̀rù wa mọ́."

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé. "Ìyẹn dára, àbí? Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ ṣe é dáadáa." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Mi ò tún fojú kàn án mọ́. Èmi àti Bàbá Sẹ̀líà dúró sí abà, à ń retí ìpadàbọ̀ wọn.

Ọdún tó tẹ̀lé e, òjò kò rọ̀ bó ṣe yẹ. Iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó òkè náà láti ìhà kan dé ìhà kejì. Èso igbó kò so. Àwọn ìnàkí sọ̀ kalẹ̀.

Èrò abà wa kì í ṣe olówó. Iṣu ni wọ́n gbára lé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìyá á bó iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a sórí àpáta ńlá ẹ̀yìn abà kó gbẹ, òun ni wọ́n ń lọ̀ ṣe èlùbọ́. Oúnjẹ ọdún ni, ọjà ọdún ni. Látayébáyé, bí ìnàkí bá fẹ́ débẹ̀, ọmọdé kan tó mú kànnàkànnà dání tó láti lé gbogbo agbo. Lọ́dún yẹn, àwọn ìyá kígbe, wọ́n lu agolo, wọ́n ju igi. Àwọn ìnàkí wò wọ́n. Wọ́n jókòó sáàárín wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó sáàárín àwọn àlejò, wọ́n sì ń jẹ iṣu.

Ìyá Mọ́nsúrá ló kọ́kọ́ sọ gbogbo tirẹ̀ nù. Mo bá a lórí àpáta náà, ó jókòó síbi tí iṣu rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Èèpo àti ìgbẹ́ ìnàkí ló kù.

"Múfú," ó ní, "mo lé wọn, wọ́n ń wò mí lójú. Ọ̀kan fẹ́ wo inú irun mi. Kí ni kí n ṣe fún nǹkan tí kò bẹ̀rù mi?"

Mo bá a gbá èèpo náà kúrò. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn, Alága wọ agboolé Ganíyù, aládùúgbò Ìyá Mọ́nsúrá, ó fẹ́ gba ẹ̀kọ lọ́wọ́ ọmọ kékeré Ganíyù. Ọmọ náà kò fi í sílẹ̀. Alága bù ú jẹ lápá débi tí egungun fi hàn. Ṣakí ni wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú. Kò kú, ṣùgbọ́n apá náà kò nà tán mọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Baálẹ̀ pe gbogbo abà jọ. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ganíyù jókòó, ó gbé ọwọ́ lérí.

Baálẹ̀ ní, "Bàbá Sẹ̀líà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn."

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Ẹ fún èmi àti Múfú láyè díẹ̀," Bàbá bẹ̀ wọ́n. "Ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn láti tún máa sá."

Wọ́n gbà. Mo ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láyé mi, mo ti ru búlọ́ọ̀kù, mo ti gbẹ́ kànga, kò sí èyí tó nira tó iṣẹ́ yẹn. A bọ́ aṣọ kakí, a wọ aṣọ mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ wá. A gun òkè pẹ̀lú òkúta nínú àpò. Bí a ti yọ ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀, ọmọ tuntun wà láyà rẹ̀. Bàbá Sẹ̀líà ju òkúta. Ó bà á léjìká. Àbẹ̀kẹ́ dúró. Ó fi ọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta náà nílẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá oúnjẹ ni.

"Jù ú!" Bàbá Sẹ̀líà pariwo mọ́ mi. "Múfú, jù ú! Kí lò ń wò?"

Mo jù ú. A jọ ń jù ú, a ń pariwo, a ń ya eyín sí wọn bí a ṣe kọ́ ara wa pé ká má ṣe. Wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n jókòó lókè díẹ̀, wọ́n ń wò wá. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gba ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó yìn ín sójú ọ̀run. Gbogbo wọn fọ́n ká. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òkè, wọ́n ti ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹnìkan ò lè sọ pé a ò gbìyànjú. Ohun tí a fi sùúrù ọdún gbáko gbìn sí wọn nínú, òkúta ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè hú u.

Láàárín ìgbà náà, wọ́n jẹ iṣu ẹlòmíràn tán. Àwọn ọdẹ kó ara wọn jọ. Wọ́n sọ pé àwọn yóò fi iná yí òkè náà ká. Bàbá Sẹ̀líà ní rárá, ó ní iná kì í yan ẹni tó máa jó, àti pé èyí tó bá gbọgbẹ́ lè wọ abà wá ṣe ọmọ mìíràn léṣe. Ó ní òun yóò jókòó síbi tí òun máa ń jókòó sí, wọ́n á wá sọ́dọ̀ òun, kí àwọn ọdẹ wà lẹ́yìn àpáta pẹ̀lú ìbọn wọn, kí ó lè yá, kí ó sì parí.

Mo ní n ó tẹ̀lé e. Ó ní kí n má wá.

"Ìwọ ṣì ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe láyé," ó wí. Ó ti wọ aṣọ kakí náà padà.

Àgbàlá Ìyá Mọ́nsúrá ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé omi kaná, kò ki nǹkan kan sí i. Nígbà tí ìbọn àkọ́kọ́ dún, ó di etí rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kì í yá láti kì, nítorí náà wọ́n ń dún ní ìpele-ìpele, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń wà láàárín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló burú jù. A mọ̀ pé bó bá jẹ́ ìnàkí ibòmíràn ni, àárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni wọ́n á ti sá lọ tán. Ṣùgbọ́n ìbọn tún dún. Ó tún dún.

"Kí ló dé tí wọn ò sá?" Ìyá Mọ́nsúrá ń sọ. "Yé, kí ló dé tí wọn ò sá?" Ó ń sunkún, ìyá tí wọ́n jẹ oúnjẹ ọdún rẹ̀ tán.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Bàbá Sẹ̀líà tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà ní iwájú aṣọ kakí rẹ̀ láti àyà dé itan. Mo rò pé ó fara gbọta. Mo sáré pàdé rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ òun. Mo gbé ìjókòó fún un, kò jókòó.

Mo bi í pé, "Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Nígbà tí ìbọn dún," ó ní, "ọ̀dọ̀ mi ló sá wá. Òun àti ọmọ rẹ̀. Ó di aṣọ mi mú."

Ọ̀pọ̀ wa ní abà náà jẹ́ mùsùlùmí, a kì í jẹ ẹran ìnàkí. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ kó ìwọ̀nba, igún ló jẹ ìyókù. Òórùn náà wà nínú afẹ́fẹ́ títí òjò fi dé.

Ebi kò pa abà náà kú. Apá ọmọ Ganíyù san dé ibi tó san dé. Kò sẹ́ni tó dá wa lẹ́bi sójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó tún fi iṣẹ́ ìjókòó ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Bàbá Sẹ̀líà kò wọ igbó mọ́. Kò dọdẹ, kò ro oko. Sẹ̀líà ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìgànná wá gbé e lọ. Mo máa ń lọ kí i níbẹ̀. Bí mo bá wọlé, á béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ mi, á sì ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo gbìyànjú láti sọ fún un pé ó ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Ó gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ibẹ̀ ló kú sí. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ṣe láyé, mo ní ọdẹ ni.

Èmi padà sí Ìsẹ́yìn. Mo ṣe iṣẹ́ mẹ́séńjà, mo ṣọ́ ilé ìtajà, mo ru búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò láti dáàbò bo igbó àti ẹranko lápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé wá mi wá sílé. Ó gbọ́ pé mo mọ bí a ṣe ń mú kí ìnàkí gba ènìyàn láyè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní iṣẹ́ wà fún mi, iṣẹ́ ìjọba tó ní owó ìfẹ̀yìntì, pé kí n kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní iṣẹ́ náà, àlejò á tún máa wá. Mo nílò iṣẹ́ nígbà náà. Ìyàwó mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá, mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí.

Mo bá a lọ. Kì í ṣe Òkè Agbọ́n ló mú mi lọ, òkè mìíràn ni, lọ́nà Kìṣí. A rìn títí oòrùn fi wọ̀ wá lára. Ó kọ́kọ́ rí wọn kí n tó rí wọn: agbo kékeré kan lórí àpáta, akọ kan, àwọn abo, ọmọ díẹ̀ tó ń ṣeré. Ó dì mí lápá mú, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn nìyẹn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣé ká jókòó?"

Abo kan gbé orí sókè, ó kọjú sí wa. Kò tíì dìde. Ó ń wò wá bóyá kó dìde.

Mo já apá mi gbà. Mo ṣa òkúta, mo sáré lọ síwájú, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń pariwo bí wèrè, mo ń ju òkúta bí apá mi ṣe lágbára mọ. Akọ náà gbó. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, ìyá gbá ọmọ mọ́ra, wọ́n da ara wọn sí ẹ̀yìn àpáta, eruku sọ. Mo ṣì ń ju òkúta nígbà tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sáré dé ọ̀dọ̀ mi. "Kí lẹ ṣe yìí? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti lé wọn lọ!"

Mo ní kó wá ẹlòmíràn gbà síṣẹ́. Mo yíjú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ wà.